Péègì ìyá mi ti di ọ̀nì o: ẹ̀yin tí ẹ ń fi nǹkan ilé ṣe àwòrán, ẹ wọlé

Báyọ̀_Fótókópì (Ìbàdàn), Sunday, 9:14 alẹ́

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ ẹni tí ò ríṣẹ́ ṣe àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn òjò dè wá mọ́lé, iná ò sí, fóònù mi ti ń kú lọ, mo wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò pẹ̀lú bébà tí maṣín-ìnnì bàjẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù (ẹ̀yìn wọn ṣì funfun, mi ò kì í jù wọ́n nù). Péègì aṣọ ìyá mi kan wà lórí tábìlì, péègì onígi àtijọ́ yẹn tó ní wáyà láàárín. Mo gbé e lé bébà, mi ò tiẹ̀ ro nǹkan kan, mo kàn rí i pé ẹnu ẹ̀ là díẹ̀ bí ẹnu ọ̀nì. Ni mo bá mú báírò, mo fi ojú kan sókè, mo fa ìrù gígùn kan sẹ́yìn, ẹsẹ̀ kúkurú méjì, ó tán. Ẹ̀yin ará, péègì yẹn wò mí lójú!

Ìyá mi wọlé, "Ta ló tún mú péègì mi? Méjìlá ni mo rà." Mo na ọwọ́ sí bébà. Ó wò ó, ó dákẹ́, ó wá bú sẹ́rìn-ín, ó ní "Ọ̀nì rèé o, má jẹ́ kó ge aṣọ mi jẹ." Látìgbà yẹn mi ò lè rí nǹkan kan nínú ilé yìí kí n má bi í pé ìwọ ńkọ́, kí lo fẹ́ dà.

Mo ti ṣe mọ́kànlá. Àgádágodo di báàgì ọwọ́ obìnrin. Èèpo ẹ̀pà di ọkọ̀ ojú omi, apẹja kan wà nínú ẹ̀ tó ń sùn. Kànrìnkàn ìbílẹ̀ di irùngbọ̀n bàbá arúgbó kan tó ń bínú, ìlà mẹ́rin péré ni mo fi ṣe ojú ẹ̀. Òfin tí mo ṣe fún ara mi ni pé nǹkan kan ṣoṣo lórí bébà kan, mi ò gbọdọ̀ gé e, mi ò gbọdọ̀ kùn ún, ìlà báírò ò sì gbọdọ̀ ju mẹ́wàá lọ. Tí mo bá ṣe tán kó lè padà sẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni péègì yẹn ti padà sórí okùn, ó ń di ṣòkòtò bàbá mi mú.

Ẹ gbé tiyín jáde jàre, ẹ ṣàlàyé ẹ̀ ká gbọ́.

Àdùkẹ́_Aláta (Òṣogbo), 9:40 alẹ́

Ẹ̀rín pa mí o hahaha. Èmi tí mo jókòó ti ata látàárọ̀! Mo ṣe tèmi báyìí báyìí, ẹ gbọ́. Ata rodo tó ti lo ọjọ́ mẹ́ta, tí ara ẹ̀ ti ń hunjọ díẹ̀, ṣé ẹ ti wò ó dáadáa rí? Gèlè ni! Gbogbo bó ṣe ṣẹ́po yẹn, bó ṣe wú níwájú tó tún tẹ̀ wọnú lẹ́gbẹ̀ẹ́, gèlè tí wọ́n fi wákàtí kan wé ni. Mo gbé e lé ẹ̀yìn ìwé owó mi, mo ya ojú obìnrin kan sábẹ́ ẹ̀ tó diju, yẹtí kan, ọrùn. Ìdí ata yẹn ló wá dúró gán-ín sókè bí ibi tí wọ́n ti so ó. Mo pè é ní Ìyá Ìyàwó.

Ṣé mo lè to mẹ́ta? Pupa kan, ewé kan, yẹ́lò kan, kí n fi ṣe ẹgbẹ́ aláṣọ ẹbí?

Báyọ̀_Fótókópì, 9:52 alẹ́

Àǹtí Àdùkẹ́ ẹ ti pa mí! Mi ò tíì rí ata báyìí rí láyé mi. Òfin ní ọ̀kan ṣoṣo o, àmọ́ ẹ jẹ́ á gbà pé ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n, ó kù díẹ̀ kí n yí òfin padà nítorí yín.

Káfíńtà_Ìsẹ́yìn, 10:31 alẹ́

Ẹ má bínú o, mi ò fẹ́ ba ayọ̀ ẹnikẹ́ni jẹ́. Àmọ́ kí ni iṣẹ́ ọnà nínú gbogbo eléyìí? Ọmọ mi tó wà ní pírámárì 1 ń ṣe jùyẹn lọ. Agolo mílíìkì ló fi ń ṣe mọ́tò, ìdérí ìgò ni táyà ẹ̀, tó bá fi okùn fà á mọ́tò náà ń rìn. Tiyín kì í rìn, kì í gbé nǹkan, ẹ kàn gbé ata lé bébà. Ẹ gbọ́ pé òyìnbó ń pè é ní minimalist, ìyẹn kéèyàn fi nǹkan díẹ̀ ṣe ọnà, ni ẹ bá sọ ìmẹ́lẹ́ di iṣẹ́. Èmi tí mo ń gbẹ́ ilẹ̀kùn, tí mò ń fi ṣísẹ́lì yọ òdòdó lára ìrókò fún ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ̀yìn ń ro mí, kí ni kí n wá sọ?

Báyọ̀_Fótókópì, 11:05 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò jẹ̀bi, ohun tí èmi náà rò tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí lọ́wọ́ àgádágodo.

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo fi ṣe báàgì, odindi obìnrin ni mo yà. Ojú, imú, ètè, irun dídì, ìlẹ̀kẹ̀, ìró, bàtà gogoro. Ó tó ogójì ìlà. Nígbà tí mo gbójú sókè mi ò rí àgádágodo mọ́. Ó wà níbẹ̀ o, àmọ́ ó ti kú, ó dà bí òkúta tí wọ́n gbé lé bébà kí atẹ́gùn má gbé e lọ. Mo ya bébà yẹn dànù. Ẹ̀ẹ̀kejì, ọwọ́ nìkan ni mo yà, láti ìgúnpá wá dé ìka, ìka mẹ́rin tó tẹ̀ kọ́ irin àgádágodo. Ìlà méje. Èèyàn mẹ́fà tó wá ṣe fótókópì lọ́jọ́ yẹn ni mo fi hàn, ọ̀kan ní ìyá kan tó ń lọ òde ni, ọ̀kan ní ìyàwó pásítọ̀ ni, ọ̀kan tiẹ̀ bi mí pé ṣé àǹtí òun ni mo yà. Mi ò ya ìyá kankan! Ọwọ́ ni mo yà. Àwọn fúnra wọn ló ya ìyókù. Ibi tó ti le nìyẹn ẹ̀gbọ́n, ẹ máa ní ohun tí ẹ lè yà, kí ẹ sì mọ̀-ọ́n-mọ̀ fi í sílẹ̀.

Kì í sì í ṣe èmi ni mo dá a sílẹ̀. Ọmọ Jámánì kan wà, Christoph Niemann, Sunday-Sunday ló sọ tiẹ̀ di, á gbé nǹkan tó bá rí nílé lé bébà, á wá ya ohun tó kù sí i. Ó fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì tó ṣì so pọ̀ ṣe ìdí ẹṣin, mo rí i mo kọ́kọ́ rò pé ẹṣin gidi ni. Ará Japan kan náà wà, Tatsuya Tanaka, láti oṣù kẹrin ọdún 2011 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwòrán kan jáde lójoojúmọ́. Tiẹ̀ ò ní báírò rárá, ọmọ èèyàn kéékèèké bí èékánná ló máa ń tò síbẹ̀, ẹ̀fọ́ broccoli kan á wá di igi ńlá tí wọ́n jókòó sábẹ́ ẹ̀. Ẹ rò ó wò, lójoojúmọ́! Èmi tí mo ṣe mọ́kànlá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, orí ti ń fọ́ mi.

Ọmọ_Ìpóbẹ̀ (Benin), Monday, 7:20 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o gbogbo ilé. Ẹ̀yin ará Nàìjíríà ẹ máa ń gbàgbé wa. Ṣé ẹ mọ Romuald Hazoumè? Oníṣẹ́ ọnà ará Àjàṣẹ́ ni, Porto-Novo, 1962 ni wọ́n bí i, ẹ̀jẹ̀ Yorùbá ni. Bídọ́ọ̀nù, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì, ló ń lò, bídọ́ọ̀nù epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń gbé láti ọ̀dọ̀ yín wọlé tọ̀ wá, kpayo la ń pe epo yẹn. Ẹni tó bá ti gba títì yìí rí á ti rí ọ̀kadà kan tí wọ́n so bídọ́ọ̀nù mọ́ yípo tí ẹ ò ní rí ẹni tó ń wà á. Wọ́n tún máa ń fi iná mú bídọ́ọ̀nù yẹn kó lè wú kó gba epo sí i. Tó bá gbó wọ́n á sọ ọ́ sẹ́bàá títì.

Ohun tí Hazoumè wá rí nìyí, ẹ lọ mú bídọ́ọ̀nù kan nílé yín kí ẹ yí orí ẹ̀ kọjú sí yín. Ibi tí wọ́n ń da epo gbà, ẹnu tó là sílẹ̀ ni. Ibi tí a fi ń dì í mú, imú ni. Egúngún ti wà níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án! Ó gé e díẹ̀, ó lè fi irun tàbí ìlẹ̀kẹ̀ sí i, ó di ẹnì kan pàtó, èèyàn tí ẹ mọ̀ ládùúgbò. Èyí tó lókìkí jù nínú iṣẹ́ ẹ̀ ni La Bouche du Roi, 304 bídọ́ọ̀nù ló tò sílẹ̀ bí wọ́n ṣe to àwọn ẹrú sínú ọkọ̀ nínú àwòrán kan tí wọ́n tẹ̀ ní England ní 1789. British Museum rà á ní 2007. Eré ni ẹ máa kọ́kọ́ rí, ẹ máa rẹ́rìn-ín sí imú, nígbà tí ẹ bá wá rí bí wọ́n ṣe tò ó, ẹ̀rín á gbẹ lẹ́nu yín.

Káfíńtà_Ìsẹ́yìn, 7:58 àárọ̀

Èyí ní láákàyè. Mo gbà fún un. Àmọ́ ọ̀rẹ́, ọ̀ọ́dúnrún bídọ́ọ̀nù ó lé mẹ́rin ni ẹ ń pè ní díẹ̀ yìí? Àti pé ó gé e, Báyọ̀ ní kí wọ́n má gé.

Ọmọ_Ìpóbẹ̀, 8:03 àárọ̀

Hahaha ẹ máa wo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ná. Ọ̀rọ̀ gígé wà láàárín ẹ̀yin àti Báyọ̀.

Àdùkẹ́_Aláta, 8:45 àárọ̀

Bọ̀dá Káfíńtà, ìdérí ìgò tí ọmọ yín fi ń ṣe táyà yẹn ńkọ́? El Anatsui, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Ghana tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn ní yunifásítì ní Nsukka ní 1975, ìdérí ìgò ọtí ló ń tẹ̀ pẹlẹbẹ tó ń fi wáyà so pọ̀ títí á fi di aṣọ tó bo ògiri. Ní 2015 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Góòlù níbi àfihàn iṣẹ́ ọnà ní Venice. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín da tiẹ̀ nù o, ẹ lọ bẹ̀ ẹ́.

Káfíńtà_Ìsẹ́yìn, 8:49 àárọ̀

Ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀ jọ̀ọ́.

Sàídì_Téló (Ìlọrin), Monday, 1:15 ọ̀sán

Báyọ̀, iṣẹ́ ẹ dáa àmọ́ fọ́tò ẹ ò dáa, má bínú sí mi. Mo máa ń ya fọ́tò aṣọ fún kọ́sítọ́mà lójoojúmọ́ nítorí náà mo mọ ohun tí mò ń sọ. Òjìji méjì ló wà lára ọ̀nì ẹ, ọ̀kan láti wíńdò, ọ̀kan láti gílóòbù, ojú èèyàn ò mọ èyí tó máa gbà gbọ́. Paná. Gbé tábìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò tí oòrùn ò ti wọlé tààrà, láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá àárọ̀. Gbé bébà funfun mìíràn dúró ní òdìkejì kó máa dá ìmọ́lẹ̀ padà, òjìji yẹn á rọ̀. Di fóònù mú gbọọrọ lókè bébà, má dagun, tó o bá dagun péègì á gùn ju bó ṣe yẹ lọ àwọn ìlà ẹ á wá wọ́. Má sì sún mọ́ ọn jù, fà sẹ́yìn kó o wá súùmù díẹ̀. Tí bébà bá ń jáde bí eérú, tẹ ojú fóònù níbi tó funfun kó o fa ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ sókè.

Ohun kan ṣá, má pa òjìji rẹ́ pátápátá. Mo rí àwọn kan tó ń fi áàpù pa á rẹ́, ó máa ń dà bí ìgbà tí wọ́n wa nǹkan náà látorí íńtánẹ́ẹ̀tì lẹ̀ mọ́ ọn. Òjìji yẹn ló ń sọ fún èèyàn pé péègì gidi rèé, ó wúwo, ẹ lè mú un.

Tèmi nìyí: sísọ́ọ̀sì ńlá tí mo fi ń gé aṣọ. Mo pa á dé, mo dojú ẹ̀ kọ ilẹ̀. Lékeléke! Ibi tí a ń ki ọwọ́ bọ̀ di ojú rẹ̀ méjèèjì, ó ń wò yín bí ẹni tó gbàgbé gíláàsì ẹ̀ sílé. Ìlà mẹ́ta ni mo fà, ọrùn àti ẹ̀yìn, mo fi ṣọ́ọ̀kì téló ṣe é lórí àǹkárá aláwọ̀ búlúù tó ṣẹ́kù.

Ayé_Gbọọrọ, 1:40 ọ̀sán

Ṣé owó wà níbẹ̀?

Báyọ̀_Fótókópì, 2:10 ọ̀sán

Bọ̀dá Sàídì mo dúpẹ́ o, mo ti paná. Lékeléke yẹn ń wò mí bí ọ̀gá mi ṣe máa ń wò mí tí mo bá pẹ́ẹ́ dé.

@Ayé_Gbọọrọ mi ò tíì rí kọ́bọ̀. Ẹnì kan ti rí tiẹ̀ níbẹ̀ ṣá, ó gbé ọ̀nì mi sórí páálí ìpolówó ọṣẹ ìfọṣọ láì bi mí, ìyá mi ló rí i lọ́jà tó wá ń pariwo pé "péègì mi rèé, péègì mi rèé!" Láti ọjọ́ yẹn mo ti ń kọ orúkọ mi sínú ìlà fúnra ẹ̀, ìrù ọ̀nì tuntun yẹn, ẹ wò ó dáadáa, Báyọ̀ ló kà.

Ìyá_Ìbejì (Abẹ́òkúta), Monday, 8:30 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kà á fún àwọn ìbejì mi láàárọ̀, mo fọwọ́ ara mi ṣe ara mi. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni wọ́n, kò sí nǹkan tó gbádùn mọ́ nínú ilé mi. Mo kọ́kọ́ sọ fún wọn pé nílé yìí a ò ní fi oúnjẹ ṣàwòrán tó bá di ìdọ̀tí. Ẹ jẹ ẹ́ tán, ohun tó bá kù ẹ lè ṣe é bó ṣe wù yín.

Àsìkò agbálùmọ̀ la wà. Ẹ mọ kóró inú ẹ̀, tí ẹ bá fá a tán, ó máa ń dán, àwọ̀ ẹ̀ dúdú tó ní pupa nínú, ìlà funfun kan wà ní ẹ̀gbẹ́ kan. Kẹ́hìndé gbé kóró kan lé bébà, ó ya ẹsẹ̀ mẹ́fà àti ìwo gígùn méjì. Aáyán. Ẹ̀yin èèyàn, AÁYÁN ni! Èmi fúnra mi gbé sílípáàsì. Wọ́n wá gé bébà náà kékeré, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ìyá ọkọ mi. Mi ò ní sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àmàlà wà lára ògiri.

Àdùkẹ́_Aláta, 8:34 alẹ́

Mo ti jábọ́ lórí àga 😂 ìlà mẹ́jọ péré ló da ilé rú.

Tíṣà_Fẹ̀yìntì (Ọ̀yọ́), Monday, 9:50 alẹ́

Ẹ kú ìjókòó. Mo ti ń kà yín láti àná, mi ò fẹ́ dá sí i, àmọ́ ọ̀rọ̀ yín ti gbé mi dé ibì kan.

Ìwọ Báyọ̀, o ní ọmọ Jámánì lo rí. Ó dáa. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa ti ń fi nǹkan ilé sọ̀rọ̀ tipẹ́, nǹkan díẹ̀, ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àrokò ni mò ń sọ. Tí ẹnì kan bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọ, tí wọ́n sín in sórí okùn, ẹ̀fà ni, ohun tó ń sọ ni pé ọkàn mi fà sí ọ. Tó bá jẹ́ mẹ́jọ ló fi dáhùn, ẹ̀jọ ni, ìwọ àti èmi jọ ara wa, ọ̀rọ̀ wa jọ. Ẹyọ méjì tí wọ́n dojú kọ ara wọn, mo fẹ́ rí ọ. Tí wọ́n bá kọ ẹ̀yìn síra, ìjà ti dé. Kò sí lẹ́tà, kò sí báírò, okùn àti owó ẹyọ nìkan. Tí wọ́n bá wá fi òòyà ránṣẹ́ sí èèyàn, kó yáa jókòó, torí òòyà ní kí á yà.

Ṣé o rí ohun tó yàtọ̀ sí tiyín? Ojú ni tiyín ń bá ṣeré. Péègì jọ ọ̀nì, ojú rí i, ó tán. Àrokò ń bá etí ṣeré pẹ̀lú, orúkọ nǹkan náà gan-an ló ń ṣiṣẹ́. Òòyà ò jọ ìkọ̀sílẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n pè é kó o gbọ́. Ọmọ Jámánì ò lè ṣe ìyẹn fún ọ nítorí èdè tiẹ̀ kọ́. Torí náà iṣẹ́ àṣetiléwá rèé, ẹ lọ wá nǹkan tí orúkọ ẹ̀ máa dá àwòrán yín lóhùn. Mo fún yín ní ọjọ́ mẹ́ta.

Báyọ̀_Fótókópì, 10:02 alẹ́

Bàbá, ẹ ṣé gan-an sà. Ara mi ti wà lọ́nà. Gbogbo nǹkan tó wà lórí tábìlì mi ni mo ti ń pe orúkọ wọn jáde báyìí, ìyá mi rò pé àdúrà ni mò ń gbà.

Àdùkẹ́_Aláta, Tuesday, 12:20 ọ̀sán

Sà, mo ti ṣe tèmi! Àgbọn. Mo gbé àgbọn kan tí irun ẹ̀ ò tíì ṣí tán sórí kádíbọ́ọ̀dù, mo ya orí ọkùnrin kan sókè ẹ̀, ètè, imú, fìlà gọ̀bì. Àgbọn wá di àgbọ̀n ẹ̀, irun ara àgbọn sì di irùngbọ̀n. Mo fẹ́ ya agbọ́n kan tó bà lé e kí n sì gbé gbogbo ẹ̀ sínú agbọ̀n, ọkọ mi ní kí n rọra.

Sàídì_Téló, 12:41 ọ̀sán

Ẹni tí ò bá fi àmì sórí ọ̀rọ̀ á kà á lọ kà á bọ̀, kò ní mọ ohun tí ẹ ń fi rẹ́rìn-ín.

Tíṣà_Fẹ̀yìntì, 1:30 ọ̀sán

Àdùkẹ́ gba mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Mo yọ ọ̀kan nítorí ọkọ ẹ gbọ́n jù ọ́ lọ níbi agbọ́n yẹn, ìlà ìbá ti pọ̀ jù.

Báyọ̀_Fótókópì, Tuesday, 9:17 alẹ́

Mo ti lo ọjọ́ kan gbáko lórí ẹ̀, ó le o. Mo gbìyànjú ilá. Mo fẹ́ fi ilá ṣe ilà ojú, mo gbé ilá mẹ́ta sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkùnrin kan, kò jọ ilà, ó jọ ẹni tí ọbẹ̀ dà sí lára. Mo yọ méjì, ó ku ọ̀kan, ó wá burú sí i. Ìyá mi kó ilá ẹ̀ lọ, a ti jẹ ẹ́.

Káfíńtà_Ìsẹ́yìn, Wednesday, 6:05 àárọ̀

Mi ò tíì gbà pé iṣẹ́ ni o, kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn. Àmọ́ mi ò rí oorun sùn dáadáa lánàá.

Ìṣó. Ìṣó kan ṣoṣo, ti ínṣì mẹ́ta, mo kàn án mọ́ pákó tí mo ti fá dáadáa, mo jẹ́ kó dúró gbọọrọ. Mo fi pẹ́ńsù káfíńtà ya géètì ńlá kan sẹ́yìn ẹ̀. Géètì nìkan o. Mi ò ya ojú, mi ò ya ọwọ́, mi ò ya kóńdó. Orí ìṣó yẹn ti dà bíi fìlà tẹ́lẹ̀. Ó dúró bó ṣe máa ń dúró, ó ń ṣọ́ géètì.

Mo wò ó títí. Mo ní kí ni Bàbá Tíṣà fẹ́ gbọ́ ná? Ìṣó. Ìṣọ́. Àmì abẹ́ ọ̀rọ̀ kan péré ló wà láàárín wọn! Mo wá ìṣó kékeré jù lọ ní ṣọ́ọ̀bù, eyí tí a fi ń kan gíláàsì, mo kàn án wọlé pátápátá níwájú ẹsẹ̀ ìṣó ńlá yẹn títí ó fi ku orí ẹ̀ nìkan. Tóótó kan. Ó tán.

Ẹni tó wá gba àga ẹ̀ láàárọ̀ yìí béèrè pé èló ni. Mo ní kò ṣe é tà.

Tíṣà_Fẹ̀yìntì, 6:40 àárọ̀

Mẹ́wàá nínú mẹ́wàá.

Ọmọ_Ìpóbẹ̀, 6:52 àárọ̀

Káfíńtà! Ìlẹ̀kùn tí ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì gbẹ́ ńkọ́ hahaha

Káfíńtà_Ìsẹ́yìn, 6:55 àárọ̀

Ìlẹ̀kùn wà ńbẹ̀. Mo ti gba àsansílẹ̀ owó ẹ̀. Ẹ yé dààmú mi.

Ìyá_Ìbejì, Thursday, 7:10 àárọ̀

Tèmi ò ní orúkọ tó ń dáhùn, ojú lásán ni, Bàbá ẹ fojú fò mí dá. Àwọn ọmọ ló rí i. Kọ́ìlì ẹ̀fọn, èyí aláwọ̀ ewé yẹn tó máa ń ká yípo. Táíwò ní ìgbín ni. Ó tọ̀nà, karawun ìgbín gẹ́lẹ́! Nítorí iná mi ò jẹ́ kí bébà dé itòsí ẹ̀, orí símẹ́ńtì la gbé e sí lórí irin ẹ̀, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì ya orí kan àti ìwo méjì sílẹ̀ níbi tí kọ́ìlì parí sí, àti ikùn tó ń wọ́ nílẹ̀. Ìlà mẹ́rin.

Wọ́n wá ní kí n ṣáná sí i. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni mo ṣá a. Ẹnu ibi tí orí wà ni iná ti bẹ̀rẹ̀, ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní aago méjìlá tí mo jí láti lọ tọ̀, ìgbín ti jìnnà sí orí ẹ̀ díẹ̀. Ní aago mẹ́ta karawun ti ku ìdajì, orí ṣì wà níbi tó wà, ìwo méjèèjì gòkè, bí ẹni tó ń rìn lọ tí ò mọ̀ pé ilé òun ò tẹ̀ lé òun. Mo dúró nínú òkùnkùn mò ń wo kọ́ìlì ẹ̀fọn, ọkọ mi ní ṣé kò sí o. Mo ya fọ́tò ẹ̀ nígbà mẹ́rin, èyí tó dùn jù ni ti aago márùn-ún ààbọ̀. Kọ́ìlì ti tán. Eérú ẹ̀ bọ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń jó, ó sì ká yípo lórí símẹ́ńtì bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ìgbín eérú, odindi, ṣọ́ọ̀kì níwájú ẹ̀.

Táíwò jí, ó rí i, inú ẹ̀ dùn débi pé ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wò ó dáadáa, ó wá sín.

Sàídì_Téló, 7:22 àárọ̀

Háà.

Báyọ̀_Fótókópì, 7:48 àárọ̀

Mo ka eléyìí sókè fún ìyá mi níbi tó ti ń sá aṣọ. Ó ní kí n bá òun kí àwọn ìbejì. Ó tún ní kí n bi yín, tí ẹ bá ti ń wo àwòrán mi láti ọjọ́ yìí, ṣé ẹ mọ ibi tí péègì òun mẹ́ta wà, torí mẹ́sàn-án ló kà lórí okùn.

Wọ́n wà lọ́wọ́ mi. Akáǹ ni mò ń ṣe.